Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹnu ọ̀nà ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti ń bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde fún àwọn tó ń wáṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó bá ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọ aṣọ tó mọ́, kí ó bọ ọ̀gá lọ́wọ́ dáadáa, kí ó sì máa wò ó lójú. N kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé ìdá 7 péré nínú 100 ni ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ nínú ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń gbà lọ́dọ̀ ènìyàn, pé ohùn àti ìrísí ló ni ìyókù. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀dọ́ kan á kà á, á pa ìwé tó yẹ kó kà nípa iṣẹ́ náà dé, á sì lọ dúró síwájú dígí.

Ọ̀dọ̀ Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ni nọ́ńbà yẹn ti wá, láti inú ìwádìí méjì tó jáde ní ọdún 1967. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ẹlòmíràn fẹ́ràn òun tàbí kò fẹ́ràn òun, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ń sọ àti ohùn tàbí ojú tó fi ń sọ ọ́ kò bá bára mu. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lò, wọn kò lo ìjíròrò. Mehrabian fúnra rẹ̀ ti sọ pé nọ́ńbà náà kò kan ohun tó yàtọ̀ sí ìmọ̀lára. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ni wàá ṣe tún àkọsílẹ̀ tó ti dàrú ṣe, ẹ̀rín ẹnu kò lè bá ọ dáhùn ìdá 93 nínú rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí yín: akọ̀wé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 18 ni mo fi jókòó nídìí tábìlì tí àlejò máa ń kọ́kọ́ bá bó bá wọ iléeṣẹ́ wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi wọ yàrá inú, tí mo fi ọdún 9 ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́. Èmi ni mò ń kọ ohun tí wọ́n bá bi olùwáṣẹ́ sílẹ̀, àti ohun tó bá fi fèsì. Mo ti rí ìntáfíù láti ìta, mo sì ti rí i láti inú, ohun tí mo rí níbi méjèèjì ni mo fẹ́ sọ.

Alága ìgbìmọ̀ wa ní ìwà kan. Bí gbogbo olùwáṣẹ́ bá ti lọ tán, á rìn jáde wá bá mi, á gbé ìgúnpá lé tábìlì mi, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni wọ́n ṣe ṣe lọ́dọ̀ yín?" Kì í bi mí nípa ìwé ẹ̀rí. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni ẹni tó kí ènìyàn, ẹni tó ń pariwo lórí fóònù, ẹni tó bá ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó sórí àga tó dojú kọ mi kò mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn tó ń wò wọ́n. Wọ́n rò pé ojú tó kàn wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí kóòtù rẹ̀ bá a mu, tí bàtà rẹ̀ ń dán. Kò kí mi. Ó ju ìwé ìpè rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?" Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì nítorí ilẹ̀ ṣì tutù; ó gba orí omi náà kọjá láìwo ojú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó yí padà, tó ń dún "ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà" lọ bí agogo. Nígbà tí alága jáde, mo sọ ohun tí mo rí fún un, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n sì ń wá ènìyàn fún ni gbígbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà tínú ń bí. Wọn kò mú un.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tún wà tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ pẹ́ nínú yàrá tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi dúró ní 50 ìṣẹ́jú kọjá àkókò tí wọ́n dá fún un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò burú mà. Ṣé ẹ rò pé ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i? Mo fẹ́ fi tó ẹni tó ń dúró dè mí létí." Ó jáde lọ pe ìpè náà níta, ó padà wá, ó pa fóònù rẹ̀, ó ṣí ìwé tó gbé wá, ó ń kà á. Kò sí nǹkan àrà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ènìyàn rí mọ̀ pé ẹni tó bá lè dúró báyẹn ṣeé bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Òun náà ni mo kọ́kọ́ dárúkọ fún alága lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ni pé láti ìgbà tí o bá ti gbé fóònù tí wọ́n fi pè ọ́ wá ni wọ́n ti ń wò ọ́. Kí ẹni tó pè ọ́. Béèrè ọjọ́, aago, ibi tí wàá ti wọlé, iye ènìyàn tí yóò jókòó níwájú rẹ àti orúkọ wọn, àti bóyá ìdánwò wà níbẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì kà á padà sí i létí. Àwọn tó ń ka nǹkan padà sí mi létí kò pọ̀, orúkọ wọn kì í sì í ṣòro fún mi láti rántí.

Nípa àkókò, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú ló dára jù. Ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ wa ní wákàtí kan àti 20 ìṣẹ́jú ṣáájú, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ lè dá òun dúró. Ìbẹ̀rù rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n jíjókòó síwájú mi fún gbogbo wákàtí yẹn kò ṣe é lóore. Ó ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé, ó ń fi ara rẹ̀ wé wọn, nígbà tí wọ́n fi máa pè é, òógùn ti bo imú rẹ̀. Tètè kúrò nílé bó o ti fẹ́, ṣùgbọ́n dúró síbòmíràn nítòsí, kí ọkàn rẹ balẹ̀, kó o tó wọlé.

Aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ó mọ́, kí ó bá irú iṣẹ́ náà mu, kí ó má sì máa bá ọ jà. Mo ti rí ẹni tó yá ṣẹ́ẹ̀tì tí ọrùn rẹ̀ fún un pinpin, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi bọ́tìnì títí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tó bu aṣọ náà, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń wo bọ́tìnì náà. Wọ aṣọ tí o fẹ́ wọ nílé ṣáájú, jókòó nínú rẹ̀ fún wákàtí kan, kí o dìde, kí o tún jókòó. Àwọn àgbà ló ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Ibi tó wá ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú yàrá, ìbéèrè kan sì wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́: "Sọ fún wa nípa ara rẹ." Ó rọrùn létí, ṣùgbọ́n òun ló ń ré àwọn ọ̀dọ́ lulẹ̀ jù. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, wọ́n á ka iye ọmọ ìyá wọn, wọ́n á gba ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá, nígbà tí wọ́n fi máa dé orí iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, alága ti ń ṣí ìwé ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn á ka CV wọn bó ṣe wà lórí tábìlì. Àwọn kan á ní àwọn jẹ́ "òṣìṣẹ́ kára, olóòótọ́, ẹni tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira," gbólóhùn tí mo ti kọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní àmì ìkékúrú fún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn kan tí mo kọ sílẹ̀ hàn yín. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló fún wa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó ní: "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹrù tó ń wọ ilé ìkẹ́rùsí àti èyí tó ń jáde. Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé kì í bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Dípò ká dúró dé ìparí ọdún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka apá kan nínú ẹrù náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé àti ilẹ̀ bára mu. Mo rí i nínú ìpolówó yín pé ẹ fẹ́ ṣí ilé ìkẹ́rùsí kejì, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín." Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Alága, tó ti ń wo ojú fèrèsé láti àárọ̀, mú bírò. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe, ìṣòro tó bá, ohun tó ṣe sí i, ohun tó ti ibẹ̀ jáde, àti ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló wá. Ó ti ka ìpolówó náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò yin ara rẹ̀ níbì kankan, ìtàn náà ló yìn ín. Gbígbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣe é ní nǹkan kan; kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó jáde.

Ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí náà lè ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Mú nǹkan kan tí o ṣe ní ilé ìwé, tàbí nínú ẹgbẹ́, tàbí níbi tí o ti ran ẹnì kan lọ́wọ́, ohun tí o lè sọ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin rẹ̀. Wo ohun mẹ́ta tí ìpolówó náà tẹnu mọ́ jù, kí o wá ìtàn tòótọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sọ wọ́n sókè nílé, kí ẹlòmíràn gbọ́. Ohun tó dán mọ́rán nínú ọkàn lè má jẹ́ nǹkan kan bó bá dé orí ahọ́n.

Má sì purọ́. Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ní òun mọ iṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà dunjú, tí wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà dùn mí fún un. "N kò tíì lò ó rí, ṣùgbọ́n mo ti lo èyí tó jọ ọ́, mo sì kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan" ìbá ti gbé e kọjá.

Bó bá jẹ́ orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni kó wà níwájú rẹ, kó má wà lẹ́yìn rẹ. Gbé kámẹ́rà dé ìwọ̀n ojú rẹ, dán ohùn rẹ wò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí o sì yẹ orúkọ tó ń hàn lábẹ́ àwòrán rẹ wò.

Ọ̀rọ̀ tó kù kan àwọn tó jókòó sí òdìkejì tábìlì, Olóòtú, nítorí mo mọ̀ pé àwọn náà ń ka ìwé ìròyìn yín.

Nígbà tí mo ti kọ ìjókòó bíi mélòó kan sílẹ̀ nínú yàrá inú, mo ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìwé mi tí ó dà mí láàmú. Bí ìgbìmọ̀ bá ti fẹ́ràn ẹnì kan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìbéèrè wọn á yí padà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iléeṣẹ́ fún un, wọ́n á máa sọ bí iṣẹ́ náà ṣe dùn tó. Lójú ìwé mi, ọ̀rọ̀ alága á gùn, ti olùwáṣẹ́ á kúrú. Bí ẹnì kan kò bá sì wù wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, ìbéèrè á máa le sí i, wọn kò ní í dúró kí ìdáhùn kan parí kí wọ́n tó ju òmíràn. Àwọn méjèèjì wá fún iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ á sọ fún ara wọn pé, "Ṣé ẹ rí i, mo ti mọ̀ láti ìgbà tó wọlé."

Mo rò pé tiwa nìkan ni, títí wọ́n fi rán mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìgbanisíṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn olùwádìí mẹ́ta, Dougherty, Turban àti Callender, ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1994, lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́tí sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gidi: èrò tí agbanisíṣẹ́ ti ní láti inú ìwé ìwáṣẹ́ ń darí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń mú kó túbọ̀ yá mọ́ ẹni tó wù ú, kó máa polówó iṣẹ́ náà fún un. Ní ọdún 2006, Willis àti Todorov ní Yunifásítì Princeton fi àwòrán ojú han àwọn ènìyàn fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ bóyá ẹni náà ṣeé fọkàn tán, bóyá ó mọṣẹ́. Ìdájọ́ wọn jọ ti àwọn tí wọ́n fún láyè láti wo àwòrán náà bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, ohun tó pọ̀ sí i ni ìdánilójú tí wọ́n ní nínú èrò wọn. Ẹ rò ó wò, ìdánilójú ń pọ̀, ìmọ̀ kò pọ̀!

Ó tún ti pẹ́ jùyẹn lọ. Ní ọdún 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, wo máàkì tí àwọn ọ̀gá ológun fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn, ó rí i pé ẹni tí wọ́n bá fún ní máàkì gíga lórí ìdúró àti ìrísí, wọ́n á fún un ní gíga lórí ọgbọ́n, orí ìdarí àti orí ìwà, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ní ọdún 1946, Solomon Asch, onímọ̀ bíi tirẹ̀, ka ọ̀rọ̀ mẹ́fà kan náà fún àwùjọ méjì: ọlọ́gbọ́n, òṣìṣẹ́ kára, oníwàdùwàdù, alárìíwísí, olóríkunkun, onílara. Fún àwùjọ kejì, ó kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ "ọlọ́gbọ́n" rí ènìyàn dáadáa tó ní àléébù díẹ̀; àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ "onílara" rí oníṣòro ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀, ìtòsílẹ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún olùwáṣẹ́ pé kó fi ohun tòótọ́ tó lágbára jù ṣíwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí náà tún nìyẹn tí kò fi yẹ kí agbanisíṣẹ́ fọkàn tán ojú tó kọ́kọ́ fi wo ènìyàn.

Kì í sì í ṣe ojú nìkan. Bertrand àti Mullainathan, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi nǹkan bí 5,000 ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ ní Boston àti Chicago ní Amẹ́ríkà, ìwé tó jọra wọn ṣùgbọ́n tí orúkọ orí wọn yàtọ̀. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, àwọn tí orúkọ wọn dún bí ti aláwọ̀ funfun gba ìpè ní ìdá 50 nínú 100 ju àwọn tí orúkọ wọn dún bí ti aláwọ̀ dúdú lọ. Àwọn wọ̀nyẹn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí, màá sì sọ ọ́.

Ó ku ọdún kan kí wọ́n mú mi wọ yàrá inú. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí lọ́jọ́ náà. Nínú àkójọ tó wà níwájú mi, aago mẹ́wàá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 12 ló wọlé. Aṣọ rẹ̀ ti tutù láti èjìká dé orúnkún, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rá wé fáìlì rẹ̀, ìwé kan kò tutù níbẹ̀. Mo gbójú sókè wo aago ara ògiri kó lè rí i pé mo wò ó. Ó kí mi. Ó na ìwé ìpè rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé..." N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, "Ó pẹ́ dé," mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà sínú ẹ̀dà tó wọlé lọ bá ìgbìmọ̀. Kò pẹ́ nínú yàrá rárá. Nígbà tí alága jáde wá béèrè ìbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́, mo tún un sọ.

Nígbà tí mo ń to fáìlì ọjọ́ náà ni mo rí ẹ̀dà ìwé tí a fi pè é. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo kọ síbẹ̀. Ọmọ náà ti fi 18 ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò tí a fún un, nínú òjò.

Mo lọ bá alága lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì jẹ́wọ́. Ó káàánú, ṣùgbọ́n wọ́n ti pe ẹlòmíràn, ẹni náà sì ti gbà. Mo tọrọ àyè láti kọ̀wé sí ọmọ náà, mo sọ fún un pé àṣìṣe ọ̀dọ̀ wa ni, pé èmi ni mo ṣe é. Ó dá mi lóhùn ní ìlà méjì. Ó dúpẹ́, ó wá ní, "Mo ti rò pé èmi ni mo ṣi ìwé náà kà." Ó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láti ọjọ́ yẹn. Ìlà kejì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn agbanisíṣẹ́ fún kì í ṣe ohun tuntun. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà, ní ìtòtẹ̀lé kan náà. Ẹ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì kẹ́ ẹ tó lọ sí òmíràn, kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀. Ẹ kí wọn, ẹ jẹ́ kí ara wọn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fún ìkíni ní máàkì. Ìwádìí ńlá tí Schmidt àti Hunter kó jọ ní ọdún 1998 fi hàn pé irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò báyìí ń mọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ dáadáa ju ìtàkúrọ̀sọ lásán lọ. Nígbà tí Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ní ọdún 2022, òun ló wá wà lókè pátápátá nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ máa ń ta aṣọ ìkélé sáàárín ara wọn àti ẹni tó ń ṣe ìdánwò, kó lè jẹ́ ohùn èlò orin nìkan ni wọ́n á gbọ́. Iléeṣẹ́ kò lè ta irú aṣọ ìkélé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè bo orúkọ àti fọ́tò mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń yan àwọn tí yóò pè.

Ẹ̀yin akọ̀wé àti ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹ wà níbi tí mo wà nígbà náà, bí ẹnì kan bá na ìwé sí yín, ẹ gbà á, ẹ kà á. Bí alága bá sì bi yín léèrè nírọ̀lẹ́, ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò nípa rẹ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí nǹkan bá sì dàrú fún lẹ́nu ọ̀nà, tún un sọ nínú yàrá. Gbólóhùn kan ti tó: "Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ìwé tí mo gbà sọ, òun nìyí." Fi ìwé náà sórí tábìlì wọn, kí o sì kọjá sórí iṣẹ́ tí o wá fún. Ìyẹn kì í ṣe àríyànjiyàn, àwíjàre tó tọ́ sí ọ ni.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin Olóòtú fún ni pé kí ojú ewé yẹn má jẹ́ ti àwọn tó ń wáṣẹ́ nìkan. Ẹ fún àwọn tó ń bi ìbéèrè náà láyè níbẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ rí kó sọ ohun tó ń bi ènìyàn àti ìdí tó fi ń bi í. Ẹ tẹ ìbéèrè márùn-ún jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀dọ́ tí kò ní ẹni tó lè bá a dán ìdáhùn wò nílé rí nǹkan lò. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín kọ ti àkọ́kọ́, mo ṣe tán.

Bébà àkójọ ọjọ́ òjò yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fa ìlà la ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà kọjá, mo sì kọ àkókò tó dé gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, 10:12, àti àkókò tí mo fúnra mi pè é, 10:30.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì